Káàdì Dúdú Tí Kò Mọ Bàbá Àgbà

Tanke, Ìlọrin.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Rùkáyátù, Àjíkẹ́ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó wà pẹ̀lú rẹ ní Àbújá níbẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun rẹ, pẹ̀lú yàrá tí o sọ pé omi ẹ̀rọ rẹ̀ kì í dá. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ìyá Àgbà jókòó tì mí níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti ra bàtà tuntun, pé ó fúyẹ́, pé àwọn lè fi rìn dé Sẹ̀nẹ̀gà bí bàálù bá kọ̀ tí kò gbéra.

Èmi ni ara mi kò tíì balẹ̀ láti àná.

Àná ni mo mú fọ́tò pélébé Ìyá Àgbà lọ fún Àfáà tó ń kó èrò lọ sí sìyárà, ìbẹ̀wò ibojì àwọn ẹni mímọ́, ní Káólákì ní Sẹ̀nẹ̀gà, ibi tí ò ń gbé wọn lọ. O mọ ilé wọn: ẹní nílẹ̀, bàtà jọ lẹ́nu ọ̀nà, ìwé orúkọ àwọn arìnrìn-àjò lórí itan wọn. Ìyàwó wọn gbé ife omi tútù fún mi. Mo ní, "Àfáà, ó ku owó inṣọ́ránsì Ìyá. Èló ni ti ọdún yìí?"

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Rùkáyà ti pè mí lórí ìyẹn. Ó ní káàdì tí báńkì tuntun rẹ̀ fún un ti ní inṣọ́ránsì nínú. Ó ní kí n fa igi sórí rẹ̀."

"Kí ló sọ gan-an?"

"Ó ní, 'Àfáà, a ti ní.'"

Rùkáyà, ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Omi dà sórí ẹní, ó ṣàn dé ẹ̀gbẹ́ ìwé, Àfáà yára gbé e sókè. "Ìyá Rùkáyà, ṣé kò sí?" Mo fi ìborùn mi nu ẹní. Orí ẹní yẹn gan-an, níwájú Àfáà yẹn kan náà, ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ẹnu èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. A ti ní. O kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún ọ rí. Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wá dé ẹnu rẹ bí ẹni pé mo fi lé ọ lọ́wọ́?

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, kí n tó dé ìdajì wàá ní, "Mummy, mo ti gbọ́." Mo sì fẹ́ kí Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí mo bá ń kà á sókè, nítorí láti ọjọ́ yẹn n kò jókòó sọ ọ́ tán níwájú wọn rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ ní Yorùbá. Kà á díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fi àmì kan sí ibi tí kò yẹ, fi orí jì mí. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí tí wọ́n mú mi lọ sí ìlú Òyìnbó, mo sì ti pé mọ́kànlélógún kí n tó padà wá fẹ́ bàbá rẹ. Bàbá Àgbà ló kọ́ mi ní èdè yìí. Bí mo bá ní, "Bàbá, mo fẹ́ jẹ omi," wọ́n á ní, "Ṣé omi tìrẹ ní eegun ni?" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní ṣe àṣìṣe yẹn mọ́.

Gbọ́ ohun tí mo fi san oore wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS kìíní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ọ́fíìsì wa ní Challenge, ní Ìlọrin níbí, láti báńkì tó ń san owó oṣù wa. Kóòtù rẹ̀ kò ní ìwúnpọ̀ kankan. Ó wò mí, ó ní, "Ma, kò yẹ kí irú yín máa tò lórí ìlà." Bí mo ṣe di tiwọn nìyẹn. Nígbà tí mo dé báńkì, wọ́n mú mi gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé, wọ́n fún mi ní àga tó rọ̀ àti omi inú ìgò. Mo ń wo àwọn èèyàn láti inú gíláàsì bí wọ́n ti ń làágùn lórí ìlà. Mo rí olùkọ́ rẹ kan láàárín wọn. Ojú yẹ kó tì mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Wọ́n fún mi ní káàdì dúdú, ó wúwo lọ́wọ́ bí owó irin àtijọ́. Wọ́n fi ìwé ìpolówó kan tì í. Níwájú ìwé náà, wọ́n to oore inú káàdì sísàlẹ̀ ara wọn: ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn odi, ẹrù tó bá sọnù, yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfurufú. Àwòrán bàbá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irun rẹ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fa báàgì lọ́wọ́. Mo wo bàbá yẹn, Bàbá Àgbà ni mo rí. N kò yí ìwé náà padà.

Ọdún yẹn gan-an ni Bàbá Àgbà ń lọ sí Káólákì. A kó owó lọ fún Àfáà gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n ṣe àdúà sí i, gbogbo wa ṣe àmí. Àfáà ní ó ku inṣọ́ránsì, pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Gbogbo ẹbí wò mí, torí èmi ni wọ́n gbà pé mo gbọ́ Òyìnbó jù nílé wa. Ojú mi ni wọ́n fi ń ka ìwé. Mo ju ọwọ́, mo ní a ti ní.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n dé ọ̀hún ni fóònù mi dún. "Ìyá Rùkáyà, Bàbá yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Egungun ìdí ni. A ti gbé wọn dé Dàkáà. Ilé ìwòsàn ní kí a mú ìwé inṣọ́ránsì wá kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ." Mo ní kí Àfáà fọkàn balẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì mi. Orin dùn fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni obìnrin kan dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù bí ara fìríìjì.

"Ma, ṣé káàdì yìí lẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn?"

"Rárá o, Àfáà la kó owó fún."

"Ṣé iléeṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni Àfáà?"

"Àfáà ni wọ́n. Ilé wọn la ti lọ san án."

"Ẹ fi káàdì san án nílé wọn?"

"Orí ẹní la ka owó lé."

"Aláìsàn náà, kí ni wọ́n jẹ́ sí yín, Ma?"

"Bàbá mi. Bàbá ọkọ mi."

"Ìdílé tí káàdì yìí mọ̀ ni ọkọ yín àti àwọn ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún."

"Mo ní bàbá ọkọ mi ni. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé."

"Mo gbọ́ yín, Ma. Ẹni ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin."

"Káàdì yìí kì í gba ẹni tó bá ti kọjá àádọ́rin. Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà tí mo lè bá yín ṣe lónìí?"

Mo wá ìwé ìpolówó jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo yí i padà fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí obìnrin yẹn sọ wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà, ní èdè Òyìnbó tí wọ́n torí rẹ̀ gbé mi sọdá òkun lọ kọ́. Bàbá rẹ dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Ṣé o ò kà á ni?" Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni wọ́n bi mí, wọn kò bi mí mọ́ títí dòní.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Àgbà fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, kí owó tó pé. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ló tẹ́ aṣọ ìborùn sílẹ̀, tí kálukú fi owó ọjà rẹ̀ sí i. Àwọn ìyá tó fẹ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ àti lẹ́ẹ̀sì bọ̀ wá sílé padà lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ abẹ náà pẹ́ jù, eegun kò jọ dáadáa. Ìwọ rí ọ̀pá tí wọ́n tẹ̀ dé. Ohun tí o kò mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi ń lo àga aláwọ̀ ewé tó wà ní pálọ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí Ọlọ́run fi pè wọ́n, orí àga yẹn ni Bàbá Àgbà ti ń kírun. Iwájú orí wọn kò kan ilẹ̀ mọ́.

Wọn kò bínú sí mi. Ó sàn kí wọ́n bínú. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé, wọ́n ní kí n mú káàdì náà wá kí àwọn wò ó. Wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó lẹ́wà," wọ́n sì dá a padà fún mi. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, alẹ́ẹ̀tì wọ fóònù mi: báńkì ti yọ owó ọdọọdún káàdì dúdú, wọ́n sì dúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà wọn pàtàkì. Mo ka alẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn tó, Àjíkẹ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀.

Èkínní, má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ rà ọ́. Wọn yóò pè ọ́ ní Ma, ìwọ tí o kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Wọn yóò gbé àga fún ọ. Ọ̀wọ̀ tí à ń sanwó fún lọ́dọọdún, ọjà ni. Rà á bí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ọjà lo rà. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó dọjọ́ ìṣòro kó yẹrí. Mo rò pé ẹyẹlé ni mo gbà sílé. Káàdì lásán ni.

Èkejì. Èyí ló dùn mí jù lọ: báńkì yẹn kò purọ́ fún mi. N kò rí ọ̀rọ̀ kan tí mo lè fi bá wọn jà. Òótọ́ ni wọ́n kọ síwájú ìwé, òótọ́ ni wọ́n kọ sẹ́yìn. Èmi ni mo ka òótọ́ tó wù mí. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún ọ níwèé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kà. Wá ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọn kò ní ṣe. Bí o kò bá rí ibẹ̀, má tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó ṣe inṣọ́ránsì inú káàdì kò mọ bí àwa ṣe ń rìnrìn-àjò. Ó rò pé ẹnì kan á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á ra tíkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, òun pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì. Kò mọ Àfáà. Kò mọ̀ pé ọmọ-ọmọ lè gbé ìyá bàbá rẹ̀ lọ. Má sì sọ fún mi pé Àfáà ti ní ẹ̀rọ POS báyìí. Mo rí i lánàá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀sùbáà wọn. Bí o bá fi káàdì rẹ san owó lórí POS Àfáà, ọwọ́ Àfáà lo sanwó sí, o kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì lójú tiwọn. Irú àṣìṣe tí ọmọ Ìlọrin á fi ìdánilójú ṣe nìyẹn.

Ìyá Àgbà ní kí n sinmi, pé mò ń bá ọ wí jù. Wọ́n ní kí n sọ nǹkan rere kan.

Ó dáa. Nǹkan rere wà. O máa ń bi mí ìdí tí mo fi ń lo báńkì orí fóònù, tí kò ní ilé, tí kò ní àga. Ó pẹ́ kí n tó gbà á. Ojú ọmọ kékeré ni mo fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá tí mo fẹ́ lọ sí Gánà, mo wá inṣọ́ránsì lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ kan, wọ́n bi mí pé: ta ló ń lọ? Ọdún wo ni wọ́n bí i? Ṣé ó ní àìsàn kankan? Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, ní lẹ́tà tó tóbi bákan náà pẹ̀lú ìyókù: àwọn ohun tí a kò ní san fún nìyí. Mo jókòó, mò ń wo fóònù bí ẹni tó rí àǹjọ̀nú. Ẹnu yà mí pé ó ṣeé ṣe. Kò sí ẹni tó pè mí ní Ma, ṣùgbọ́n orúkọ mi wà níbẹ̀, iye tí wọ́n yọ wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n yọ ọ́ fún náà wà níbẹ̀.

Má sọ ọ́ di wòlíì o. Lọ́jọ́ kan ní Ọ̀fà Garage, mo ti ra iṣu, wọ́n ti dì í fún mi, ni áàpù bá ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Kò sí máníjà tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Ìyá oníṣu ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ó dúró tì í títí yóò fi hù ni?" Mo dá iṣu padà. Nítorí náà, máa fi owó díẹ̀ sí ibòmíràn, máa mú díẹ̀ dání. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Bí káàdì tìrẹ náà bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, má dá a padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Mo bẹ Àfáà pé kí wọ́n pa igi tí wọ́n fà sórí inṣọ́ránsì Ìyá Àgbà rẹ́, kí n san án. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ìwọ lò ń gbé ìyá lọ, ìwọ lo ní kí àwọn fa igi, ìwọ ni wàá ní kí àwọn pa á rẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọlúàbí kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn ń bá a kó. Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ó pa ìwé dé. Kó tó di ọjọ́ yẹn, pe báńkì rẹ, kí o sì gba ìdáhùn wọn ní kíkọ sílẹ̀.

Ibí yìí ni mo rò pé màá parí rẹ̀ sí. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún Ìyá Àgbà láti orí dé ìdí. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ pa bàtà tuntun yẹn. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní, "Ìyàwó, o fo ibì kan."

Mo ní, "Ìyá, ibo?"

"Lórí ẹní Àfáà. Nígbà tí o ní ẹ ti ní. Bàbá bi ọ́ ní ìbéèrè kan."

Rùkáyà, mo rò pé èmi nìkan ló rántí. Ọdún méjìlá ni mo fi dúpẹ́ pé ẹlòmíràn kò gbọ́ ọ. Òótọ́ ni, mo fò ó, ojú ló tì mí. Bí mo ti ju ọwọ́ tí mo ní a ti ní, Bàbá Àgbà yíjú sí mi, wọ́n rọra ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà ni, ó mọ gbogbo èèyàn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Wọn kò kàwé Òyìnbó, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a jókòó lórí ẹní yẹn, àwọn nìkan ló béèrè ohun tó yẹ. Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi ni mo ṣìnà.

Mo bi Ìyá Àgbà pé, "Ìyá, ẹ ti mọ̀ láti ìgbà yẹn?"

Wọ́n ní, "Mo jókòó tì yín ńkọ́. Kọ ọ́ síbẹ̀ fún ọmọ."

Mo ti kọ ọ́. Nítorí náà, gbàgbé gbogbo èkínní, èkejì, ẹ̀kẹta tí mo tò sókè yẹn bí o bá fẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o bi wọ́n. Pe báńkì rẹ, ka orúkọ Ìyá Àgbà fún wọn bó ti wà nínú páásípọ́ọ̀tù, ka ọjọ́ orí wọn, sọ pé Àfáà ni a san owó ìrìn-àjò fún, kí o wá bi wọ́n pé: ṣé ẹ mọ̀ wọ́n níbẹ̀? Bí wọ́n bá ní rárá, o mọ ẹni tí wàá pè.

Ìyá Àgbà ní kí o má gbàgbé Àbẹ̀ní tó wà láàárín orúkọ wọn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa.

Ìyá rẹ tó ń retí ipè rẹ.